Bí A Ṣe Lè Dá Ibùgbé Ẹja Padà sí Ẹsẹ̀ Ògiri Kọnkéré Létí Odò Ògùn, Abẹ́òkúta

Níbi tí wọ́n bá ti mọ ògiri kọnkéré sí etí odò, ilé àwa èèyàn máa ń bọ́ lọ́wọ́ àgbàrá, ṣùgbọ́n ilé ẹja ló ń bá a lọ. Bèbè tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn máa ń ní gbòǹgbò tó yọ sínú omi, ihò lábẹ́ òkúta, koríko tó tẹ̀ kan omi, àti òjìji. Ògiri kò ní ìkankan nínú wọn. Ó ń dán, omi ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, oòrùn ń pa á láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ẹja kò rí ibi sá sí, kòkòrò omi kò rí ibi dì mú.

A kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí gbogbo wa ń pè ní CDA, fún ilé-ẹ̀kọ́, àti fún onílé tí ògiri rẹ̀ bá kan Odò Ògùn tàbí ọ̀kan nínú àwọn odò kékeré bíi Ṣókòrí tó gba àárín ìlú kọjá. Mítà 30 la ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó tó láti fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ń so èso, kò sì ju agbára àdúgbò kan lọ. A ò ní dárúkọ owó, torí iye sìmẹ́ńtì òní kì í ṣe tọ̀la. Iye ohun èlò la ó sọ, kí ẹ fi ṣírò fúnra yín.

Ìkìlọ̀ kan ṣíwájú. Ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ irú iṣẹ́ yìí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, etí òkun ni wọ́n ti ṣe é. Ní Sydney, Ọsirélíà, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Living Seawalls bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Pátákó kọnkéré oníhò ni wọ́n ń kàn mọ́ ògiri etí òkun. Ní Seattle, Amẹ́ríkà, ògiri etí òkun tuntun tí wọ́n parí ní 2017 rí gbágungbàgun lójú, wọ́n sì to gíláàsì sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó bo omi, kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹja salmon tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní New York, Billion Oyster Project ti ń kó oyster, ẹran omi oníkarahun, padà sínú omi láti 2014. Iṣẹ́ tó dára ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ má dà wọ́n kọ. Oyster nílò omi tó ní iyọ̀. Kò lè gbé Abẹ́òkúta. Ohun tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé òkun ń kún, ó sì ń fà lójoojúmọ́, nítorí náà ohun tó wà lára ògiri rẹ̀ kì í gbẹ ju wákàtí mélòó kan lọ. Odò tiwa ń kún nígbà òjò, ó ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Apá òkè ògiri lè gbẹ fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún gbáko. Ẹni tó bá kan pátákó oníhò mọ́ ibẹ̀, ilé ẹ̀fọn ló kọ́ nígbà òjò, ilé aláǹgbá ló sì kọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìlà omi ẹ̀ẹ̀rùn

Kí ẹ tó ra àpò sìmẹ́ńtì kan, ẹ wá ìlà omi ẹ̀ẹ̀rùn. Òun ni ibi tí ojú omi máa ń wà nígbà tó bá fà tán, láàárín ìparí oṣù kejì sí oṣù kẹta. Ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sára ògiri ní gbogbo mítà márùn-márùn, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àmì omi òjò: àbàwọ́n tó wà lókè lára ògiri, tàbí ọ̀rá àti pàǹtí tó há sórí igbó. Ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí ìlà tàkọ́kọ́.

Gbogbo iṣẹ́ yòókù orí ìlà yìí ló dúró lé. Ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ẹja gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìlà omi ẹ̀ẹ̀rùn, ó kéré tán 30 sẹ̀ǹtímítà. Ohunkóhun tó bá jẹ́ ti gbòǹgbò gbọ́dọ̀ wà lókè rẹ̀. Ibi tí ìṣòro ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹnì kan wo odò ní oṣù kẹsàn-án, kó rí i pé ó kún dáadáa, kó wá gbé òkúta àti ihò síbi tó rò pé ìsàlẹ̀ ni. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, gbogbo rẹ̀ á gbẹ kalẹ̀, ẹja tó ti sá síbẹ̀ á sì kú mọ́ ibẹ̀.

Odò Ògùn kò gbára lé òjò Abẹ́òkúta nìkan. Láti ìhà Ṣakí ló ti ń bọ̀, Odò Ọ̀yán sì ń dà pọ̀ mọ́ ọn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Dáàmù Ọ̀yán, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1983, wà lókè wa. Bí wọ́n bá ṣí i, omi lè gòkè ní Láfẹ́ńwá lọ́jọ́ tí òjò kankan kò rọ̀ ní ìlú. Ogun-Oshun River Basin Development Authority, tí ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà níbí ní Abẹ́òkúta, ló ń bójú tó dáàmù náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ìgbà tí wọ́n ń gbèrò láti tú omi sílẹ̀, kí ẹ tó yan ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ̀mí èèyàn ló wà nídìí ìbéèrè yẹn.

Yíyan ibi tí iṣẹ́ yóò ti wáyé

Ẹ wọn mítà 10 sórí ògiri, kí ẹ ju ọsàn kan sómi lókè, kí ẹ wá ka ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò fi dé ìsàlẹ̀. Ọsàn dára ju ike lọ, torí ọ̀pọ̀ nínú ara rẹ̀ máa ń rì sómi bó ti ń léfòó, atẹ́gùn kò ní lè tì í síwájú. Bó bá lò ju 30 lọ, omi náà ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohun gbogbo tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí yóò dúró níbẹ̀. Bó bá bọ́ sáàárín 10 sí 30, òkúta ńlá ni kí ẹ gbára lé, kí ohun yòókù sá sẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá tó 10 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wá ibòmíràn.

Jíjìn omi ní ẹsẹ̀ ògiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò gbọ́dọ̀ dín ní 80 sẹ̀ǹtímítà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, oòrùn ọ̀sán á sọ omi di gbígbóná, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí á dín kù nínú rẹ̀. Ẹ tún fi irin rọ́ọ̀dù gún ìsàlẹ̀ omi: bí ó bá wọlẹ̀ ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ láìfi òòlù lù ú, ẹrẹ̀ ni, òkúta yóò rì bí ẹ kò bá tẹ́ nǹkan sí i lábẹ́.

Ẹ yẹra fún abẹ́ afárá àti ẹsẹ̀ òpó rẹ̀, fún ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn, fún ibi tí wọ́n ti ń fa omi mímu, àti fún ibi tí àwọn ìyá wa ti ń fọṣọ tàbí tí ọmọdé ti ń wẹ̀. Ti ìkẹyìn yìí ní ìdí pàtàkì tó kan àìsàn. A ó dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan ibi, ẹ lọ gba àṣẹ. Ìjọba ìbílẹ̀ yín, yálà Àríwá Abẹ́òkúta tàbí Gúúsù, ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká, àjọ tó ń bójú tó odò tí a dárúkọ lókè, àti ẹni tó ni ògiri. Ẹ má fojú fo àwọn apẹja tó ń dẹ ibẹ̀, àti àwọn olórìṣà tó ń bọ Yemọja létí omi, torí Odò Ògùn, odò Yemọja ni, àwọn ibì kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da òkúta sí láìbéèrè. Àwọn àgbà yìí mọ ibi tí ẹja ń yé sí kí wọ́n tó mọ ògiri. Ẹ gbé àga sílẹ̀ fún wọn ní ìpàdé, kí ẹ gbọ́ wọn dáadáa.

Ẹnu gọ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Bí gọ́tà bá ṣì ń da ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ẹ̀jẹ̀ ẹran àti omi aró sínú mítà 30 yín, òkúta tí ẹ bá kó síbẹ̀ kò ní ju ibi tí pàǹtí ń há sí lọ. Ẹ rìn lẹ́bàá ògiri, kí ẹ ka gbogbo ẹnu gọ́tà tó ń ṣí sí odò, kí ẹ tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí orísun rẹ̀.

Fún pàǹtí, ẹ ní kí wẹ́dà ṣe àsẹ́ irin sí ẹnu gọ́tà. Fún gọ́tà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, rọ́ọ̀dù 9 tó nípọn mílímítà 12, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gbé e dúró gbọọrọ bí wíńdò. Àsẹ́ tó dúró gbọọrọ máa ń dí láàárín òjò kan ṣoṣo, omi á padà sẹ́yìn wọ yàrá àwọn aládùúgbò, lọ́jọ́ kejì wọ́n á fi ṣọ́bìrì fọ́ ọ, wọn kò sì jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kó dà gbà sẹ́yìn ní ìdajì-ìdajì, bí ẹni fi àkàbà ti ògiri, kí orí rẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀nà odò. Bí omi bá ń pọ̀, yóò máa ti pàǹtí gòkè lórí àsẹ́, omi yóò sì máa rí abẹ́ rẹ̀ gbà kọjá. Ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ láàárín orí àsẹ́ àti òkè gọ́tà: bó bá tiẹ̀ dí pátápátá, omi yóò bá òkè rẹ̀ jáde. Kí ẹ sì yan ẹni tí yóò máa gbọ́n ọn lẹ́yìn gbogbo òjò. Bí kò bá sí ẹni náà, ẹ má ṣe àsẹ́ rárá.

Fún omi aró, ẹ lọ bá àwọn aládìrẹ sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Sódà tí wọ́n ń lò máa ń jẹ́ kí omi aró mú gan-an. Garawa kan nínú odò kékeré lè pa gbogbo ọmọ ẹja tó wà nítòsí. Ẹ bá wọn wá táńkì tàbí dúrọ́ọ̀mù tí omi náà yóò ti máa silẹ̀, kí wọ́n máa tún òkè rẹ̀ lò, kí wọ́n má sì da èyí tó kù sí gọ́tà. Ìwé tí a fi ń wọn mímú omi, tí wọ́n ń pè ní pH, wà ní ọjà àwọn tó ń ta kẹ́míkà. Bó bá ju 9 lọ, kò gbọ́dọ̀ dé odò. Fún ẹ̀jẹ̀ ẹran, ẹgbẹ́ alápatà ni kí ẹ lọ bá: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà sínú garawa, tí wọ́n sì sè kó gbẹ, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ máa ń rà á.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi náà lè gbé ẹja, ọ́síjìn inú rẹ̀ ni kí ẹ wọn, ní ìdájí kí oòrùn tó yọ, torí ìgbà yẹn ló máa ń kéré jù. Mílígíráàmù 5 nínú lítà kan dára. Bó bá wà nísàlẹ̀ 3, ẹ má tíì kó òkúta kankan. Ìdọ̀tí ló kù tí ẹ máa tún lé. FUNAAB, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní ìlú wa, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ẹja àti ọ̀sìn omi. Irú ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọnmi.

Òkúta

Abẹ́òkúta kò ní í wá òkúta tì. Ibi ìfọ́kùúta ni kí ẹ ti rà á. Ẹ má wú u nínú odò, torí ilé ẹja mìíràn lẹ ń wó yẹn. Èyí tó fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà ni kó pọ̀ jù, kí mélòó kan tó 60. Òkúta 40 sẹ̀ǹtímítà máa ń wúwo tó nǹkan bí kílò 90, ó sì lè dúró de omi tó ń sáré mítà 3 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà, mítà 2 ti ń fi í ṣeré. Ìdí nìyẹn tí òkúta kéékèèké tí àwọn kan máa ń dà sí ẹsẹ̀ ògiri kì í kọjá oṣù kẹwàá.

Ẹ má to wọn ní ìlà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òkìtì mẹ́ta ni kí ẹ ṣe, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 6, kó yọ síta láti ara ògiri ní mítà 1, kó ga ní ìdajì mítà. Kí mítà 3 ṣófo láàárín wọn àti ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 14. Nínú àlàfo wọ̀nyẹn ni omi ti máa ń yí po, tí ìyára rẹ̀ sì ń dín kù, ibẹ̀ sì ni ọmọ ẹja ti ń sinmi. Kí òkúta máa gun ara wọn, kí ihò tí ọwọ́ lè wọ̀ ṣẹ́ kù láàárín wọn. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ wọ́n pọ̀, bó ti wù kí bíríkìlà rọ̀ yín tó: ihò yẹn gan-an lẹ ń wá.

Bí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ ẹrẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹní ọparun: ìlà ọparun kan lọ, ìkejì dábùú rẹ̀, àlàfo 20 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi wáyà tí kì í dípẹtà so gbogbo ìkóríta. Ẹ rì í pẹ̀lú òkúta. Bó bá jẹ́ yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 15 ti tó.

Ohun mẹ́rin tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe níbí. Ẹ má gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri kí òkúta lè jókòó. Ìpìlẹ̀ ògiri lẹ ń tú. Ẹ má ju òkúta láti orí ògiri. Ẹ fi igi mẹ́ta àti ṣéènì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dí àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde lára ògiri: omi tó wà lẹ́yìn ògiri ló ń gba ibẹ̀ tú, bó bá dí, omi náà á máa ti ògiri láti ẹ̀yìn títí yóò fi wó. Ẹ má sì jẹ́ kí òkìtì gba ju ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ odò. Odò tí kò bá fẹ̀ tó mítà 10, ẹ fi òkìtì sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ lo pátákó àti ewéko nìkan, kí ẹ má baà fi ọwọ́ ara yín pe omíyalé.

Pátákó oníhò

Pátákó kọnkéré 24 tó fún mítà 30. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóròó, ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 8, ó sì máa ń wúwo tó kílò 48. Èèyàn méjì á gbé e. Kí káfíńtà fi pákó ṣe fọ́ọ̀mù. Ìpò rẹ̀ ni àpò sìmẹ́ńtì kan, páànù yanrìn mẹ́rin, páànù gíránáìtì wẹ́wẹ́ mẹ́fà, àti omi tí kò ju lítà 25 lọ. Àpò kan máa ń mú pátákó 6 jáde, nítorí náà àpò 4 ni gbogbo rẹ̀. Bíríkìlà á fẹ́ bu omi kún un kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ má gbà. Kọnkéré tó bá lómi jù máa ń rún nínú odò.

Epo pupa ni kí ẹ fi pa inú fọ́ọ̀mù kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa ń lò níbi iṣẹ́ ilé kò gbọ́dọ̀ kàn án, májèlé ni fún ohun tí ẹ fẹ́ kó gbé ibẹ̀. Nígbà tí kọnkéré bá ti wà nínú fọ́ọ̀mù, tó ṣì tutù, ẹ fi epo pupa pa ẹ̀yìn agolo tòmátò kékeré 9, kí ẹ tẹ̀ wọ́n bọ ojú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, kí ẹ fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ ha àárín wọn kó lè rí gbágungbàgun. Lẹ́yìn wákàtí bíi mẹ́ta, ẹ yí agolo díẹ̀, kí ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́ láìpẹ́ jù, ihò á wó. Bí ẹ bá jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, òòlù ni yóò kù. Ẹ má fi irin sínú pátákó yìí. Kọnkéré tó kù lẹ́yìn ihò kò tó láti bo irin, ìpẹtà á là á sí méjì.

Ẹ fi àpò kòkó tó tutù bò wọ́n fún ọjọ́ 7. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ kòtò, ẹ tẹ́ tapólì sí i, ẹ kó pátákó sínú omi níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ máa pààrọ̀ omi ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Kọnkéré tuntun máa ń tú oró sómi. pH rẹ̀ lè lé ní 12, kò sí èéhù tàbí ìgbín tó lè sún mọ́ ọn. Ìwé ìwọnmi yóò sọ ìgbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí 9. Orí ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí gọ́tà ni kí ẹ da omi kòtò náà sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fo ìgbésẹ̀ yìí torí pé ojú kò rí oró náà, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé pátákó wọn funfun báláú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Nínú odò, ẹ fi pátákó ti ògiri láìkàn án mọ́ ọn: ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín òkúta méjì, orí rẹ̀ sí ògiri, ojú oníhò sí ọ̀nà odò, kí àlàfo tó tó àtẹ́lẹwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Òkùnkùn tó wà nínú àlàfo yẹn wúlò tó ihò iwájú. Ẹ̀yìn òkìtì, níbi tí omi kò ti ja, ni kí ẹ tò wọ́n sí.

Ọparun fún ọ̀bọ̀kún

Epìyà á rí ibi tẹ́ ìtẹ́ láàárín òkúta, ṣùgbọ́n ọ̀bọ̀kún fẹ́ ihò tó jìn, tó sì ṣókùnkùn. Ẹ gé ọparun ní 60 sẹ̀ǹtímítà, èyí tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Ẹ fi irin lu gbogbo oríkèé inú rẹ̀ já, àfi ti ìpẹ̀kun kan. Bí ẹ kò bá lu ú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbé e léfòó, òkúta tí ẹ so mọ́ ọn á máa wọ́ tẹ̀lé e lọ sí Èkó. Ẹ di mẹ́jọ-mẹ́jọ pọ̀, kí ẹ fi wáyà tí kì í dípẹtà so ó, kí ẹ so òkúta tó tó kílò 15 mọ́ ọn, kí ẹ gbé e sẹ́yìn òkìtì. Ẹnu ihò gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí omi ń ṣàn lọ. Bó bá kọjú sí ibi tí omi ń ti bọ̀, ẹrẹ̀ á kún un láàárín òjò kan. Ìdì 6 tó. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn méjì, ẹ pààrọ̀ wọn.

Okùn ọ̀rá kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ibi tó bá já sí, ọ̀sà Èkó ló ń lọ. Ẹnì kan yóò sì tún mú ìmọ̀ràn táyà àlòkù wá sí ìpàdé, torí ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ ti Osborne Reef ní Florida, Amẹ́ríkà fún un: ní àwọn ọdún 1970, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 táyà ni wọ́n rì sókun kí ẹja lè gbé inú wọn. Ohun tí wọ́n fi dì wọ́n já, ìgbì ń fi wọ́n gbá òkúta iyùn tó wà láàyè, títí di òní wọ́n ṣì ń yọ wọ́n.

Ibi tí ẹja bá ń sá sí, ibẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ pẹja máa sá sí. Acadja tí àwọn apẹja ń ri sínú adágún Nokoué ní Benin, ẹ̀ka igi lásán ni, ìkórè ni wọ́n sì fi ń ṣe. Tiwa kì í ṣe ti ìkórè. Kí ẹ àti àwọn apẹja fẹnu kò pé wọn kò ní da àwọ̀n sí mítà 30 yìí, wọn kò sì ní gbọ́ orúkọ Gámálíìnì, májèlé tí àwọn kan fi ń pa ẹja, níbẹ̀. Wọ́n máa ń gbà, bí ẹ bá ti pè wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹja tó bá dàgbà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n wọn ló ń jáde sí.

Ewéko

Láti àárín oṣù kẹrin sí ìparí oṣù karùn-ún ni kí ẹ gbìn, kí gbòǹgbò lè ti dì mú kí omi oṣù kẹsàn-án tó dé. Bí ilẹ̀ bá wà níwájú ògiri lókè ìlà omi ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ to àpò kòkó tí ẹ di iyẹ̀pẹ̀ sí, ìdá méjì iyẹ̀pẹ̀, ìdá kan yanrìn, ìdá kan ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà pátápátá. Àpò ìrẹsì onírọ́bà kò ṣe é lò. Ẹ gún ihò sí i, kí ẹ ki ẹ̀ẹ̀sún olóríkèé mẹ́ta bọ̀ ọ́, oríkèé méjì wọlẹ̀, ọ̀kan síta. Tàbí koríko vetiver ní sẹ̀ǹtímítà 15 síra wọn, torí gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ dé mítà 3. Bí ògiri bá já ṣánṣán sínú omi, orí rẹ̀ ni ewéko máa wà. Abura ni igi tó mọ etí omi jù nílẹ̀ wa. Ẹ gbìn ín ní mítà 3 síra, kó jìnnà sí ògiri ní mítà 4 kí gbòǹgbò má baà tì í. Akòko àti pèrègún, ẹ kàn gé ẹ̀ka kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Òjìji wọn á máa bọ́ sórí omi ní ọ̀sán, kòkòrò tó bá já láti ara ewé sì ni oúnjẹ ẹja.

Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àdúrà rere ni lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ẹ má kó ojú oró síbi iṣẹ́ yìí. Ó máa ń bo ojú omi pátápátá, omi abẹ́ rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́. Èpò omi olódòdó àlùkò burú jù ú lọ. Ẹ fà wọ́n tu bí ẹ bá ti rí wọn, kí ẹ kó wọn kúrò létí odò kí wọ́n tó jẹrà.

Ẹ má ra ọmọ ẹja dà síbẹ̀. Ọmọ àrọ̀ tí wọ́n ń tà ní ibi ìsìn-ẹja, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti da ìran méjì pọ̀ láti bí, wọn kò sì yẹ kó bá àrọ̀ odò gùn. Ẹja tó wà nínú Odò Ògùn ti tó; ilé ni wọn kò ní.

Ara àwọn òṣìṣẹ́

Àtọ̀sí ajá wà ní agbègbè wa. Àwọn ìlú tó yí adágún Dáàmù Ọ̀yán ká ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìgbín omi kékeré tó fẹ́ràn omi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ àti ewéko ló ń gbé kòkòrò rẹ̀, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Iṣẹ́ yìí gan-an ń dá irú omi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ní kó jìnnà sí ibi ìfọṣọ àti ibi ìwẹ̀. Bàtà òjò tó ga dé itan àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà pọn dandan. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilé ìwòsàn ni kó lọ. Oògùn tó ń jẹ́ praziquantel ń wò ó. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá wọ omi: okùn ní ìdí, ẹnì kejì lórí ògiri. Bí omi bá yí àwọ̀ padà sí pupa ẹrẹ̀ lójijì, tàbí tí igi àti koríko bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá lọ́pọ̀, kí gbogbo èèyàn jáde, kí wọ́n fi irinṣẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́

Oṣù kọkànlá, bí omi bá ti ń fà, ni àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ ya fọ́tò láti ibi kan náà tí ẹ ti ya ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ihò àwọn pátákó: bí ẹrẹ̀ bá kún wọn, ibi tí omi ti dúró jù lẹ gbé wọn sí, ẹ sún wọn sí etí òkìtì. Bí òkìtì tó kángun sí òkè odò bá ti tú, òkúta rẹ̀ kéré. Ẹ fi èyí tó jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà dáàbò bo iwájú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ògiri bá ti jin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ níbì kan, ẹ dúró, kí ẹ pe ẹnjiníà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ gbé òkúta kékeré kan sókè, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí kòkòrò pẹlẹbẹ onírù mẹ́ta tó ń sá kiri, omi náà ti ń mọ́. Bó bá jẹ́ kìkì ìdin pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú ẹrẹ̀, ọ́síjìn ṣì kéré. Ẹ padà sí ẹnu gọ́tà. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé kan náà lóṣooṣù. Mítà 30 kejì kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, nígbà tí ẹ bá ti tún ìlà omi ẹ̀ẹ̀rùn wọn, torí ó lè má wà níbi tó wà lọ́dún tó kọjá.